Má àti Máa: Ohun Tí Mo Kọ́ Lọ́wọ́ Ilé Ìwé Kan Nígbà Kòrónà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kọ̀wé sí mi. Ó ti di olùkọ́ ní ilé ìwé girama báyìí, wọ́n sì ti fi í ṣe ẹni tí yóò máa kọ ìwé sí àwọn òbí. Ó ní kí n gba òun nímọ̀ràn: ṣé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kí òun fi máa kọ ọ́ ni, àbí Yorùbá? Ìbéèrè yìí rán mi létí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020, tí mo lọ́wọ́ sí, tí n kò sì kọ sílẹ̀ rí. Kí n má parọ́, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ẹ rántí bí ọdún náà ṣe rí. Ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ó ti di àjàkálẹ̀ àrùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹta, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n ti àwọn ilé ìwé pa. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà, ní agogo mọ́kànlá, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, Ògùn àti Àbújá. Ní Ìbàdàn níbi tí mò ń gbé, tiwa kò le tó ti Èkó; òfin má-rìn-lálẹ́ ni wọ́n fi lélẹ̀ fún wa. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá pè é láti Èkó yóò gbọ́ òfin kan lórí fóònù, yóò jáde síta, yóò sì bá òfin mìíràn pàdé. Gbogbo ẹnu ló ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ẹnu tí yóò gbà gbọ́.

Ilé ìwé ìjọba kan wà ládùúgbò wa, JSS 1 sí JSS 3. Ọ̀gá ilé ìwé náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan rí. Kí àrùn yìí tó dé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá òbí sọ̀rọ̀ kò ní wàhálà. Ní àpéjọ àárọ̀, lórí pápá, ọ̀gá yóò ní, "Ẹ sọ fún àwọn òbí yín pé ìpàdé PTA máa wáyé ní Thursday." Ọmọ yóò gbé ọ̀rọ̀ náà délé pọ̀ mọ́ báàgì rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi kọ ọ́, ọmọ náà ló sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Àwa tí a fi ìmọ̀ èdè ṣiṣẹ́ ṣe mọ irú ògbufọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó máa ń túmọ̀ èyí tó bá wù ú, ó sì máa ń fo èyí tó bá kan òun fúnra rẹ̀! Síbẹ̀, ọ̀nà ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé ìwé pa, kò sí pápá mọ́, kò sí àpéjọ mọ́, ọ̀nà náà sì dí.

Àwọn tíṣà kíláàsì wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn òbí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì: "School is closed until further notice." Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá pè mí.

"Prof, ẹ káàsán sà. Ẹ jọ̀ọ́, fóònù mi ò sinmi láti àárọ̀."

Àwọn òbí ń béèrè bóyá ọ̀sẹ̀ méjì ni àbí oṣù méjì. Bàbá kan ti ní kí ọmọ àbúrò rẹ̀ bá òun túmọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ní ó túmọ̀ sí "títí ìwé mìíràn yóò fi dé". Bàbá náà wá jókòó sílé, ó ń retí ìwé. Ó tilẹ̀ ti bi ọ̀gá léèrè ta ni yóò mú un wá.

Mo gbìyànjú láti gbé gbólóhùn náà sí Yorùbá, ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kan tí n kò fiyè sí tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yẹn máa ń bo ẹni tó bá sọ ọ́ lójú. Ó dún bí àṣẹ, ó dún bíi pé ọ̀gá mọ ohun tó ń ṣe. Yorùbá kò gbà fún un. Nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́ kó yé ènìyàn, ohun tó jáde ni pé: "Ìjọba ti ti ilé ìwé pa. A kò mọ ọjọ́ tí a ó wọlé. Bí ìjọba bá ti sọ fún wa, àwa náà á sọ fún yín." Ọ̀gá kọ́kọ́ lọ́ra. Ó ní, "Prof, ṣé a lè sọ pé a ò mọ̀?" Mo ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. A fi ránṣẹ́. Ìpè tó ń wọlé sórí fóònù rẹ̀ dínkù láàárín ọjọ́ méjì. Òbí lè fara da "a kò mọ̀". Ohun tó ń dà á láàmú ni kó máa rò pé ẹnì kan mọ̀, tí kò fẹ́ sọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akọ̀wé Yorùbá fún ilé ìwé náà, láìgba owó oṣù. Inú mi dùn. Mo ti fẹ̀yìntì, n kò lè jáde, mo sì ti rí iṣẹ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìkíni ṣáájú gbogbo ọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ewu àsìkò yìí." Ní èdè wa, ọ̀rọ̀ tó bá wọlé láìkí ará ilé, bí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló ń rí.

A sì pinnu pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ará ìlú la ó máa lò. Ẹ mọ̀ pé nígbà tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wa ṣe ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 1984, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi jókòó lórí ọ̀rọ̀. Ọ̀sán kan ṣoṣo ni àwa ní. Ṣùgbọ́n ará ìlú ti ṣiṣẹ́ náà sílẹ̀ dè wá. Ẹ wo kónílé-ó-gbélé: kí onílé ó gbé ilé. Odindi gbólóhùn ni wọ́n ká pọ̀ di ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè ìtumọ̀. Ẹ wo ìbòmú: ohun tí a fi ń bo imú. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tó yẹ kó wà. Nígbà tí mo rí àwọn ọmọkùnrin tó fà á wá sí ìsàlẹ̀, mo ní tiwọn kì í ṣe ìbòmú mọ́, ìbo-àgbọ̀n ni.

Ṣé ẹ rí i, orí mi ti ń wú díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹsẹ̀ mi fi yọ̀.

Nígbà tí òjò ọdún náà ti ń rọ̀ dáadáa, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ pinnu pé kí àwọn kíláàsì tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde kọ́kọ́ wọlé, ìyẹn Primary 6, JSS 3 àti SS 3. Àwọn tó kù yóò ṣì wà nílé. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà mi pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn:

"Ẹ̀yin òbí wa, ẹ kú ewu àsìkò yìí. Kí àwọn ọmọ JSS 3 máa bọ̀ sílé ìwé láti ọjọ́ Ajé. JSS 1 àti JSS 2 kò tíì wọlé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ìbòmú."

Ó wù mí. Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá, ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí àwọn tíṣà kíláàsì, tíṣà kọ̀ọ̀kan sì tún un tẹ̀ sórí fóònù tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́ sí òbí. Ohun tó dé ọwọ́ àwọn òbí rèé:

"Eyin obi wa, e ku ewu asiko yii. Ki awon omo JSS 3 ma bo sile iwe lati ojo Aje. JSS 1 ati JSS 2 ko tii wole. Ki omo kookan wo ibomu."

Ẹ tún un kà. Kí ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ JSS 3 ṣe? Kí wọ́n máa bọ̀ ni, àbí kí wọ́n má bọ̀? Èyí tó burú jù ni pé gbólóhùn tó tẹ̀ lé e kò ran ènìyàn lọ́wọ́. Bí o bá kà á sí "má bọ̀", ó bára mu: JSS 3 kò gbọdọ̀ wá, JSS 1 àti JSS 2 náà kò tíì wọlé, kí gbogbo ọmọ lo ìbòmú níbi tí wọ́n bá wà. Ìtumọ̀ méjèèjì ló dúró ṣánṣán.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mẹ́tàlá kò wá. Ọ̀gá rò pé ẹ̀rù àrùn ló ń ba àwọn òbí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ìdáhùn àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ jọra: "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má wá."

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, ìyá kan tó ń ta ata wá sí ẹnu géètì. Mo wà níbẹ̀. Ó na fóònù sí mi. "Bàbá, ẹ bá mi kà á. Kí lẹ kọ síbí?" Mo kà á gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, "máa bọ̀". Ó ní, "Rárá o. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kà." Mo tún un wò. Òótọ́ ló sọ. Ìyá náà mọ Yorùbá kà dáadáa. Bíbélì ló fi kọ́ ọ. Nínú Bíbélì àtijọ́, tí wọ́n bá fẹ́ kọ "máa", wọ́n á kọ ọ́ ní "mã", wọ́n á fi àmì fífà lé e lórí. Èyí tí kò bá ní àmì fífà yẹn, ìkìlọ̀ ni: "Má bẹ̀rù." Ìyá aláta kà á bí ẹni tó kàwé. Èmi tí mo gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí èdè yìí ni kò ronú kan ẹni tí yóò kà á.

Nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, ó ti rán ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìsẹ́yìn, kó lè ràn án lọ́wọ́ nínú oko. Ọjọ́ Túsìdé ọ̀sẹ̀ kejì ni ọmọ náà tó wọ kíláàsì. Ọjọ́ mẹ́fà ló sọ nù nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n ní láti tún ẹ̀kọ́ wọn gbé yẹ̀wò kí ìdánwò tó dé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oṣù mélòó kan jókòó sílé. Ó ṣe ìdánwò náà. Ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bó ṣe ń da ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ní ìdí ògiri, nígbà tí àwọn yòókù ti lọ jẹun.

Mo kọ́kọ́ bínú sí àwọn tíṣà. Mo ní ọ̀lẹ ni wọ́n, wọn kò bọ̀wọ̀ fún èdè. Tíṣà JSS 3 wá ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àlàyé rẹ̀ sì pa mí lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín, torí ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ ọ́n.

Àtẹ̀jíṣẹ́ SMS ní ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tí ètò fóònù mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan lo lò, ojú ewé kan gba lẹ́tà àti àlàfo 160. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí nínú àwọn lẹ́tà yẹn. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn bá wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ náà yóò bọ́ sí ètò mìíràn, ojú ewé kan kò sì ní gbà ju 70 lọ. Bó bá ju ojú ewé kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gba 67 péré. Àmì ohùn tó wà lórí ẹ̀ tàbí ọ́ sì máa ń gba àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ yẹn kò pé 140 láìsí àmì: ojú ewé kan ni, ₦4 lọ́dún 2020. Pẹ̀lú àmì, ojú ewé mẹ́ta ni, ₦12. Bó bá jẹ́ 200 òbí, ₦800 di ₦2,400. Owó ara àwọn tíṣà ni wọ́n sì fi ń ra káàdì. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àmì kò ní ná wọn lówó, ṣùgbọ́n àwọn òbí tó wà lórí WhatsApp kò tó ìdajì. Fóònù kékeré oníbọ́tìnì ló wà lọ́wọ́ àwọn tó kù.

Àmọ́ ṣá, àmì nìkan kọ́ ló sọnù. Ẹ rántí pé àkọtọ́ tí a fọwọ́ sí lọ́dún 1974 ti gba iṣẹ́ yìí ṣe fún wa. Ó ní kí a fi lẹ́tà méjì kọ fáwẹ́lì tó bá fà: "maa" fún èyí, "ma" fún tọ̀hún. Lẹ́tà "a" kejì yẹn wà lórí fóònù gbogbo, kò sì ní àmì kankan. Kí ló dé tí tíṣà fi fò ó? Nítorí bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni. Bí ẹnu wa bá ń yára, "mo máa lọ" a máa dún bíi "mo ma lọ". Ọwọ́ ń tẹ̀ lé ẹnu. Nígbà tó ti di àṣà láti kọ "ma" fún méjèèjì, ẹni tó ń kà á kò lè gbẹ́kẹ̀lé e mọ́. Iyọ̀ àti ṣúgà wà nínú ìgò kan náà, orúkọ kan náà ló sì wà lára ìgò.

Torí náà, a jókòó, a tún ètò wa ṣe. Ohun mẹ́rin ni a yí padà.

Èkíní, a kò gbé gbólóhùn kankan jáde mọ́ láìkọ́kọ́ bọ́ àmì rẹ̀ kúrò. Mo máa ń kọ ọ́ tán, màá yọ gbogbo àmì, màá fún ẹlòmíràn kó kà á sókè. Bó bá ní ìtumọ̀ méjì, màá tún un kọ. "Awon omo JSS 3 yoo wole ni Monday" kò lè di nǹkan mìíràn. "Awon omo JSS 1 ati JSS 2 yoo duro sile" náà kò lè yí padà. A lé "máa" àti "má" kúrò nínú àtẹ̀jíṣẹ́ wa pátápátá. Ẹ ó sì rí i pé mo kọ Monday. Àwọn òbí tí ọjọ́ orí wọn kò pọ̀ bi tíṣà léèrè ọjọ́ wo ni ọjọ́ Ajé. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọmọ ni a fẹ́ kó wọlé, kì í ṣe èmi ni mo fẹ́ yege.

Èkejì, ohùn. Fún àwọn tó ní WhatsApp, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, kò sì jẹ́ kó pé ìṣẹ́jú kan, kó má baà jẹ dátà. Nínú ohùn, "má" jẹ́ "má", "máa" sì jẹ́ "máa". Ẹni tí kò mọ̀wé kà kò nílò ògbufọ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹta, bí tíṣà bá pe òbí lórí fóònù, kò ní béèrè pé "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ayé ló máa ń dáhùn pé ó yé àwọn, ta ni yóò sọ fún tíṣà ọmọ rẹ̀ pé kò yé òun? Ohun tí yóò sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí bàbá ọmọ bá béèrè lọ́wọ́ yín, kí lẹ ó sọ fún un?" Láti inú ìdáhùn ni a ti ń mọ èyí tó dé àti èyí tí kò dé.

Ẹ̀kẹrin, a yan ọjọ́. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Thursday, ilé ìwé á sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ pé kò sí ìròyìn. "Kò sí ohun tuntun lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ ó tún gbúròó wa ní Thursday tó ń bọ̀." Wọ́n á sì kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí kan ní ẹnu géètì, àti òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ènìyàn ti ń ṣájì fóònù, fún àwọn tí kò ní fóònù rárá. Nígbà tí gbogbo ọmọ wá padà wọlé níkẹyìn, kò sí ìyá tó wá na fóònù sí mi ní ẹnu géètì.

Mo padà sórí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ mi. Gẹ̀ẹ́sì ni, àbí Yorùbá? Ìwọ ọmọ mi, fi èdè tí òbí lè fi dá ọ lóhùn kọ ọ́. Ní ilé ìwé tìrẹ, Yorùbá ni fún ọ̀pọ̀ jù lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni fún àwọn kan, nítorí náà ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n má rò pé iṣẹ́ ti parí nítorí pé o fi Yorùbá kọ ọ́. Yorùbá tó dára lórí kọ̀ǹpútà mi ló di ọ̀rọ̀ tó lé ọmọ mẹ́tàlá sílé. Ronú sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà yóò rìn: ọwọ́ ta ni yóò tún un tẹ̀, fóònù wo ni yóò bọ́ sí, ta ni yóò kà á fún ta ni.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òtítọ́ ni, bí a bá jókòó ti ara wa tí ojú ń rí ojú. Lọ́dún 2020, ojú kò rí ojú, àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo rán sí ìyá aláta sì di odindi nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n odindi mìíràn ni.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí, ẹ̀yin tí ẹ ti rò pé ẹ bọ́ lọ́wọ́ mi: ẹ wá àtẹ̀jíṣẹ́ Yorùbá tí ẹ fi ránṣẹ́ kẹ́yìn sórí fóònù yín, ẹ fún ẹlòmíràn kó kà á sókè. Bó bá kà á bí ẹ ṣe rò ó, ẹ kú iṣẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má bínú sí i. Ẹ tún un kọ.